Ojú-ìwé Keje Tí Mo Fi Pamọ́

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ailegun ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́. Mo ní ẹsẹ̀ mi kò gba ìdúró mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́ lójú yín, mo lè fo ibi tí kò yẹ kí n fò. Bébà kì í wo èèyàn lójú. Lórí bébà, ó ṣeé ṣe kí n sọ ọ́ tán.

Èmi ni Mojísọ́lá, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Ìyá Dárà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya àwòrán ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìsọlọ̀. Ẹ má rò pé àwòrán òdòdó tàbí ti ojú èèyàn ni o. Àwòrán páìpù ni. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kún fún páìpù bí ẹja ṣe kún fún egungun. Omi ń gba ìhín, òróró ń gba ọ̀hún, sítíìmù, ìyẹn oru omi gbígbóná tó ń ti inú bọ́ílà bọ̀, ń gba òkè orí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ya ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, kó sì ya ibi tí fáàfù tí wọ́n fi ń tì í wà, kí ẹni tó bá fẹ́ tún páìpù ṣe má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹni yẹn ni mí.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́, láti Èkìtì ló ti wá, Ire-Akari la sì ń gbé. Ó fẹ́ kí n di olùkọ́ bíi tòun. Èmi ò lè fara da ariwo ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti kọ́ àwòrán yíyà nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, mo rí ìkéde lára géètì ilé iṣẹ́ náà, mo wọlé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù àkọ́kọ́ ra bàtà, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Láyíwọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́ sídìí iṣẹ́ tí íńkì dúdú wà, tí mi ò sì rí àbàwọ́n kan lára rẹ̀ rí. Kì í pariwo. Ká ní ó ń pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ lẹ́tà nìkan, láti A dé Z, láti òdo dé ẹẹ́sàn-án, lórí bébà fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀. N kò ya páìpù kan. Bí mo bá kọ ojú-ìwé kan tán, màá gbé e lọ fún un, yóò wò ó, yóò sì dá a padà.

"Mojí, ọwọ́ rẹ ń sáré."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń béèrè ni. Ta ló ń lé e?"

Ilé ni mo máa ń dé kí n tó sunkún. Màmá mi á ní, "Ṣebí o ní o ò ṣe olùkọ́? Lọ máa kọ A B D fún ọ̀gá rẹ." Ẹ wo ìyá tó yẹ kó tù mí nínú! Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ṣẹ́. Ní oṣù kẹrin, Ọ̀gá wo ojú-ìwé tí mo gbé wá, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kò dá a padà. Ìyẹn ni oríkì tó kì mí lọ́dún yẹn.

Íńkì la fi ń yàwòrán nígbà náà. Bí o bá ṣe àṣìṣe, bíléèdì ni wàá fi rọra máa fá a, bí ẹni fá irun ọmọ tuntun. Tí o bá fá a jù, bébà á lu. Tí kò bá tilẹ̀ lu, ibi tí o fá á máa dán. Ọ̀gá a máa gbé àwòrán sókè níwájú fèrèsé, á máa wá ibi tó ń dán kiri. Kì í bínú sí àṣìṣe rárá. Ohun tó máa ń bí i nínú ni kó rí ibi tó ń dán kí n má sì ti kọ ọ́ sínú àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ àwòrán pé mo yí nǹkan padà níbẹ̀, ọjọ́ tí mo yí i, àti ìdí tí mo fi yí i.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ilé iṣẹ́ wa ní yàrá kan tí wọ́n ti ń po òórùn tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ. Àṣírí ilé iṣẹ́ ni yàrá yẹn. Bí àlejò bá fẹ́ wo àwòrán, àwọn ọ̀gá òkè kì í fẹ́ kí wọ́n rí páìpù tó wọ ibẹ̀. Nítorí náà, Ọ̀gá Láyíwọlá máa ń gé bébà bíráùn tí wọ́n fi ń di páálí ọṣẹ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí yàrá yẹn wà lójú àwòrán. Èmi wò ó, kò dára lójú mi. Àwòrán tó mọ́ tónítóní, kí àpá bíráùn wá wà láàrin rẹ̀! Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká gé funfun, irú bébà kan náà. Kò ní hàn rárá."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kì í sábà gbé bírò sílẹ̀.

Ó ní, "Mojí, tí o bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún èèyàn, kò burú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan wà tí òun ò rí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò rí i, á béèrè. Ẹni tí kò mọ̀, ọwọ́ ló máa kì bọ̀ ọ́."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ní kí n máa gé bébà bíráùn. Mo gé e tí ìka mi fi bó. Mo rò nínú ara mi pé bàbá yìí kàn ń fìyà jẹ mí lásán ni.

Ọdún ń lọ. Mo lọ́kọ, mo bí Dárà, mo bí àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń da àwòrán kọ, tó máa ń rùn bí ìtọ̀ àná tó sì máa ń mú ojú ta ni, wọ́n gbé e jù nù. Ọ̀gá Láyíwọlá fẹ̀yìn tì, èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni kọ̀ǹpútà dé.

Ẹ̀yin tí ẹ bí yín mọ́ fóònù kò lè mọ ohun tí ojú wa rí. Mo ti lé lógójì ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ mi méjì ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n lọ tajà. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó jẹ́ ọ̀dọ́, Tádé, tó ti já pa lọ sí Kánádà báyìí, ló jókòó tì mí. Mo máa ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ nǹkan náà, màá sì tètè fà á sẹ́yìn.

Tádé á ní, "Mọ́mì, kì í géni jẹ o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Tó bá bàjẹ́, ẹ ní èmi ni."

Àṣé mo máa fẹ́ràn rẹ̀! Àwòrán tí mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì yà, ọjọ́ méjì ni. Kò sí bíléèdì, kò sí fífá, kò sí ibi tó ń dán. Àmọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni fọ́múlà. Màá ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí mo ṣe.

Nínú ẹ̀rọ àwòrán yẹn, gbogbo ojú-ìwé ló ní tábìlì kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àpótí kéékèèké ló kún inú tábìlì náà, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kan ń sọ bí ojú-ìwé ṣe fẹ̀ tó, òmíràn ń sọ bó ṣe gùn tó. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń sọ bóyá ojú-ìwé náà á hàn tàbí kò ní hàn. Bí òdo bá wà nínú rẹ̀, ojú-ìwé hàn. Bí o bá kọ ení síbẹ̀, ojú-ìwé náà á pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Kò kú o, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò ní sí lára orúkọ àwọn yòókù tó tò sísàlẹ̀.

Àwọn ọ̀gá òkè ti ń dá mi lágara pé kí àwọn oníṣẹ́ ìta má rí yàrá òórùn. Mo bá kọ́ ara mi ní fọ́múlà. Mo ya àpótí kékeré kan sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, tí a lè kọ INÚ tàbí ÌTA sí. Nínú sẹ́ẹ̀lì ojú-ìwé keje, tí yàrá òórùn wà, mo kọ fọ́múlà tó ní: lọ wo àpótí ojú-ìwé àkọ́kọ́. Bí o bá rí INÚ níbẹ̀, di òdo. Bí o bá rí ÌTA, di ení. Mo padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, mo kọ ÌTA, mo tẹ bọ́tìnnì. Ojú-ìwé méje di mẹ́fà. Mo kọ INÚ, ó padà di méje. Mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú ọ́fíìsì bí ọmọdé tó rí ìṣeré tuntun.

Ibi tó yẹ kí n dúró sí nìyẹn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lójú-ìwé kẹfà, ọfà kan wà lára páìpù sítíìmù tó tọ́ka pé páìpù yìí ń bá a lọ ní ojú-ìwé keje. Mo wò ó pé bí ẹni ìta bá rí ọfà náà, á béèrè pé ojú-ìwé keje dà. Á wá di àlàyé, àlàyé á di àríyànjiyàn. Pẹ̀lú ìyẹn, kò rẹwà kí ọfà máa tọ́ka síbi tí kò sí. Mo so ọfà náà mọ́ fọ́múlà kan náà. Mo tún so nọ́ńbà tó ń sọ iye ojú-ìwé mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí a bá kọ ÌTA, "ẹyọ kan nínú méje" á di "ẹyọ kan nínú mẹ́fà." Iṣẹ́ mọ́ tónítóní. Wọ́n ń pè mí ní Àǹtí Fọ́múlà káàkiri ilé iṣẹ́, orí mi sì ń wú.

Ọ̀gá Láyíwọlá wá kí wa lọ́jọ́ kan, òun àti ọ̀pá rẹ̀. Mo fi fọ́múlà mi hàn án pẹ̀lú ayọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú-ìwé lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó bọ̀. Bàbá náà wò ó títí.

Ó ní, "Bébà bíráùn ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Sà, ayé ti kọjá ibẹ̀."

Ó bi mí nípa àwọn ọmọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi kú, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Ó ku nǹkan bí ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ẹnjiníà àgbà tuntun ti dé, ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, láti ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tó pàṣẹ kí n fi yàrá òórùn pamọ́ ti lọ. Bánkọ́lé kò bi mí bí mo ṣe ń ṣe é, èmi náà kò sì sọ fún un. Iṣẹ́ mi ni, èmi ni mo ni fọ́múlà mi.

Páìpù sítíìmù kan ń jò. Wọ́n pe Múfú, fítà tó ń gbé nítòsí wa ní Ìsọlọ̀, ọmọ Ìrágbìjí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, ẹni ìta ni, ṣùgbọ́n ó ti ń bá wa tún páìpù ṣe láti ọdún pípẹ́, ó sì mọṣẹ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ó wá sí ọ́fíìsì mi. Mo kọ ÌTA, mo fi àwòrán hàn án lórí kọ̀ǹpútà. Ó wo ojú-ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò kánjú, ó ń kọ nọ́ńbà fáàfù sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, fáàfù méjì péré ló ti sítíìmù yìí. Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

Fóònù mi ń dún. Mo ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ lo rí yẹn." Mo gbé fóònù.

Ó dúpẹ́, ó jáde. Bí mo ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tí oníṣẹ́ ìta bá ti jáde, mo yí ÌTA padà sí INÚ, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Fáàfù kẹta wà lójú-ìwé keje. Yàrá òórùn ní sítíìmù tirẹ̀, tó ń gba ẹ̀yìn wá bá páìpù kan náà. Múfú ti fáàfù méjèèjì tó rí. Ó tú bóòtù àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Bó ṣe tú ìkejì, sítíìmù láti ẹ̀yìn bú jáde, ó sì bá apá ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká.

Mo gbọ́ igbe náà láti ọ́fíìsì. Mo sáré jáde. N kò ní sọ ohun tí mo rí fún yín, ẹ̀yin ọmọdé ń ka ìwé yìí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bánkọ́lé wọ ọ́fíìsì mi. Ó ní kí n ṣí àwòrán. Mo ṣí i. Ojú-ìwé méje ló tò kalẹ̀. Ọfà wà níbẹ̀, fáàfù kẹta wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn kedere.

Ó ní, "Múfú ń sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé ojú-ìwé mẹ́fà lòun rí. Ẹ wò ó, Mọ́mì. Méje rèé. Èèyàn ò wò ó, ó fẹ́ máa purọ́ mọ́ wa."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu mi ni, èmi ni mo ni ín, kò sì ṣí. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Mo ń ro ọdún méjì tó kù, mo ń ro orúkọ mi, Àǹtí Fọ́múlà. Mo ní, "Hmm." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo sì rí i tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tó ya àwòrán ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ojú-ìwé méje ni.

Wọ́n ní kí Múfú wá lọ́jọ́ Ajé láti fọwọ́ sí ìwé pé òun ni òun kò wo àwòrán dáadáa. Tó bá fọwọ́ sí i, wọn kò ní sanwó ìtọ́jú rẹ̀ mọ́, kò sì ní wọ géètì wa mọ́. Ẹ̀yin náà mọ Ìsọlọ̀. Tí ilé iṣẹ́ kan bá lé fítà pé kò mọ bí a ṣe ń wo àwòrán, ilé iṣẹ́ kejì á ti gbọ́ kó tó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ síbi iṣẹ́, n kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, n kò lè jẹun. Mo ra ọsàn àti mílíìkì, mo ní kí n kàn lọ kí i. Mo purọ́ fún ara mi pé ìkíni lásán ni.

Ilé ìwòsàn ti fi bándéèjì dì í, wọ́n ti jẹ́ kó máa lọ sílé. Yàrá kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kẹ́hìndé, ń gbé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, apá rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo ní kó má dán an wò.

Ìyàwó rẹ̀ kó ọsàn náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé o. Inú mi dùn pé ẹ wá. Ẹ bá mi bi ọkọ mi léèrè. Kí ló ń wò lọ́jọ́ náà? Ọ̀gá wọn fi àwòrán yẹn hàn mí lórí fóònù, méje ni. Méje ni mo kà. Òun ní mẹ́fà. Mi ò bínú pé ó jóná, ṣùgbọ́n kó má purọ́ fún èmi."

Múfú ò wo ojú rẹ̀. Èmi ló ń wò.

Ó ní, "Mọ́mì, láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń rò ó. Mẹ́fà ni mo rí. Mo fi Kẹ́hìndé búra fún wọn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo èèyàn bá ti ń rí méje, àbí ojú mi ni? Àbí orí mi ló ń yí? Mo ti gbà. Tó bá di ọ̀la, màá fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní òpùrọ́. Kí wọ́n kúkú pè mí ní afọ́jú."

Mo dìde dúró, mo tún jókòó. Ojú ń tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ lórí.

Mo ní, "Múfú, mẹ́fà lo rí. Má fọwọ́ sí nǹkan kan."

Ìyá Kẹ́hìndé ní, "Kí lẹ wí, Mọ́mì?"

Mo sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀, gbogbo rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì, fọ́múlà, ọfà. Ìyá Kẹ́hìndé gbé ọsàn tí mo rà kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó sìn mí jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, Bánkọ́lé, ọ̀gá àgbà, Múfú àti èèyàn mẹ́ta mìíràn jókòó. Wọ́n ti gbé ìwé àti bírò síwájú Múfú. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo jẹ́ kí wọ́n ka ojú-ìwé. Méje. Mo lọ sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, mo pa INÚ rẹ́, mo kọ ÌTA. Mo ní kí wọ́n tún kà á.

Mẹ́fà ni wọ́n kà.

Bánkọ́lé ní, "Ibo ló lọ?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà. Èmi ni mo fi í pamọ́. Mo fi ohun tó máa jẹ́ kí Múfú mọ̀ pé mo fi í pamọ́ náà pamọ́. Bó ṣe sọ ọ́ ló rí."

Ọ̀gá àgbà bi mí ìdí tí n kò fi sọ ọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wọn á lé mi. Wọn kò lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní lẹ́tà tí n kò ní fi hàn yín, wọ́n gba àga olórí lọ́wọ́ mi, mo sì lo ọdún méjì tó kẹ́yìn lábẹ́ ọmọdébìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ilé iṣẹ́ san owó ìtọ́jú Múfú títí apá rẹ̀ fi jinná, wọ́n sì ń pè é padà síṣẹ́.

Kí n tó lọ, mo tún fọ́múlà yẹn kọ. Ojú-ìwé keje kì í pòórá mọ́. Bí a bá kọ ÌTA, àwọ̀ bíráùn á bo yàrá òórùn lójú àwòrán, ṣùgbọ́n fáàfù á wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: "Nǹkan wà níbí. Ẹ béèrè kí ẹ tó tú bóòtù." Wọ́n ní kò rẹwà. Mo ní mo mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mi ò ní kí ẹ wá yàwòrán páìpù, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí ẹ má wá. Ẹ̀rọ tí ẹ máa lò á ju tèmi lọ, ọgbọ́n yín á sì yára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n kò síṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí kò sí ẹnì kan níwájú tó máa ki ọwọ́ bọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ wá ẹni náà rí kí ẹ tó máa yin ara yín.

Mo lọ bẹ Múfú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta ló tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Mọ́mì, apá ti jinná. Ọlọ́run ló ni apá. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Ọjọ́ mẹ́rin tí ìyàwó mi ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ rí, tí èmi náà ń wo ara mi bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń jẹun."

Mo ní n kò jẹun. Ó ní òun gbọ́.

Òun ló ń tún ẹ̀rọ omi ilé mi ní Ailegun ṣe báyìí. Èmi ni mo ní kó máa wá, òun náà sì gbà. Ìyá Kẹ́hìndé a máa fi iṣu ránṣẹ́ sí mi nígbà ọdún. Kò sí ìjà láàrin wa. Ní oṣù tó kọjá, páìpù ilé ìdáná ń jò, ó wá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí ibi tí a ti ń ti omi. Mo fi kọ́ọ̀kì méjèèjì hàn án.

Ó ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Mọ́mì?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Múfú."

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ó dáa." Lẹ́yìn náà ló jáde lọ síta, tó lọ ti omi ní ẹnu táǹkì fúnra rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.